Ẹni Tí Ń Dáná Ni Kí A Bi: Ìtàn Àtúnṣe Ilé Ìdáná

Nígbà tí ọkùnrin bá fẹ́ kọ́lé ní ilẹ̀ wa, pálọ̀ ni ó kọ́kọ́ máa ń rò. Yóò sọ bí pálọ̀ náà yóò ti fẹ̀ tó, irú àga tí yóò wà níbẹ̀, ibi tí àlejò yóò jókòó sí, àti ara ògiri tí yóò gbé àwòrán baba rẹ̀ kọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò ka iye yàrá. Bí ó bá parí gbogbo ìwọ̀nyí, tí ilẹ̀ díẹ̀ sì ṣẹ́kù ní ẹ̀yìnkùlé, nígbà náà ni yóò wí fún bíríkìlà pé, “Ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí ìhà ibẹ̀ yẹn, kí àwọn obìnrin lè rí ibi dáná.”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má ṣe rò pé mo ń bú ẹnikẹ́ni. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo kọ́ ilé tèmi, ìyàwó mi kò bá mi jà. Ó di ọdún kẹta kí ó tó pè mí ní ọjọ́ Sátidé kan. Ó ní, “Baba Adé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé àpótí, kí ẹ wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná yìí títí n ó fi se ọbẹ̀ tán. Kí ẹ máa ka ìṣísẹ̀ mi.” Mo rò pé eré ni, mo sì jókòó. Ó lọ bu omi nínú àmù tí ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó lọ lọ ata lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ọlọ wà. Ó wọ inú ilé lọ mú epo àti iyọ̀, nítorí pé n kò ṣe pẹpẹ kankan sí ilé ìdáná. Ó jáde lọ ṣa igi. Ó padà, ó rántí ìgbákọ, ó tún jáde. Nígbà tí mo ka ìṣísẹ̀ dé igba, ó sú mi. Ọbẹ̀ náà kò tíì hó.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ ilé ìdáná. Mo wá rí i pé kíka ìṣísẹ̀ tí ìyàwó mi fi kọ́ mi lọ́gbọ́n yìí, ó ní ìtàn. Àwọn obìnrin kan wà ní ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n jókòó ka ìṣísẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, tí wọ́n sì fi iye tí wọ́n kà yí ilé ìdáná gbogbo ayé padà. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ fún yín, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ṣe é re, àti ibi tí wọ́n ti kùnà.

Ṣùgbọ́n kí a tó jáde nílé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ọ̀wọ̀ fún ilé ìdáná àwọn ìyá wa. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òkúta mẹ́ta tí ó gbé ìkòkò dúró nínú ẹ̀fúùfù kì í ṣe iṣẹ́ òmùgọ̀. Nígbà tí a sì fi amọ̀ mọ àdògán, tí a dá ẹnu kan sí i fún igi, a ti kọ́ bí a ti ń há iná mọ́ kí ooru rẹ̀ má ṣòfò. Èéfín pàápàá ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Òun ni ó ń gbẹ àgbàdo irúgbìn tí a so kọ́ sí òkè ààrò tí kòkòrò kò fi ń jẹ ẹ́, òun sì ni ó ń yan ẹja tí a óò jẹ ní ọjọ́ iwájú. Ní ayé tí koríko bo orí ilé, ọgbọ́n ni pé kí ilé ìdáná jìnnà díẹ̀ sí ibi tí a ń sùn, kí iná má baà jó gbogbo agbo ilé. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà wá sí Èkó ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1801 kọ́ ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí ó lẹ́wà, síbẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n fi ilé ìdáná sí.

Ohun kan tún wà tí kò yẹ kí a gbàgbé. Ilé ìdáná agbo ilé kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìyáálé wà níbẹ̀, ìyàwó wà níbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan ti ń lọ ata, òmíràn ń ṣa ẹ̀fọ́, ẹ̀kẹta ń fẹ́ iná, ìtàn sì ń lọ lẹ́nu wọn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Àléébù ilé ìdáná náà kò farasin. Ìbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ń ba ẹ̀yìn jẹ́, èéfín sì ń ba ojú àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020 nìkan, èéfín tí ń ti inú ilé ìdáná jáde pa ènìyàn tí ó tó 3,200,000 ní gbogbo ayé. Obìnrin àti ọmọ kékeré ni ó súnmọ́ èéfín náà jù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń tún ilé ìdáná ṣe kò ṣe fàájì. Ẹ̀mí ni ó ń tọ́jú.

Ẹ má sì ṣe rò pé a bí àwọn òyìnbó mọ́ ìdí gáàsì. Fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, iná gbalasa ni àwọn náà ń dá sínú ilé, ìkòkò sì ń rọ̀ lórí rẹ̀ láti ara ṣéènì. Ooru púpọ̀ ń gba inú ihò èéfín lọ sókè lásán. Lẹ́yìn ọdún 1790 ni Benjamin Thompson, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Bavaria, tí wọ́n sì fi jẹ oyè Rumford, bẹ̀rẹ̀ sí í fi bíríkì há iná mọ́ abẹ́ ìkòkò, tí ó ṣe ojú iná kọ̀ọ̀kan fún ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin náà rí i pé àdògán wa àti ti Rumford, ọmọ ìyá ni wọ́n. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ ńlá ń rọ sítóòfù onírin. Síbẹ̀ sítóòfù wà níhìn-ín, omi wà lọ́hùn-ún, ìyẹ̀fun wà ní yàrá mìíràn. Iná ti yí padà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ obìnrin kò sinmi.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó mú ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí ní ọ̀kúnkúndùn ni Catharine Beecher, olùkọ́ ní Amẹ́ríkà, tí a bí ní ọdún 1800. Kò lọ́kọ títí ó fi kú ní 1878, ṣùgbọ́n ó kọ ìwé fún àwọn abilékọ ju ọ̀pọ̀ abilékọ lọ. Ní 1869, òun àti àbúrò rẹ̀ Harriet Beecher Stowe, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn tí ó tako oko ẹrú ní 1852, jọ tẹ ìwé kan jáde lórí ìtọ́jú ilé. Nínú ìwé náà ni Catharine ti béèrè pé, báwo ni alásè inú ọkọ̀ ojú omi ṣe lè se oúnjẹ fún 200 ènìyàn nínú yàrá kóńkó? Ó dáhùn ara rẹ̀ pé, nítorí pé ìṣísẹ̀ kan tàbí méjì ni ó wà láàárín ọwọ́ rẹ̀ àti gbogbo ohun tí ó ń lò. Ó wá ya àwòrán ilé ìdáná kan. Ó fi tábìlì iṣẹ́ sábẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sórí ọwọ́ ẹni tí ń ṣiṣẹ́. Ó fi ìyẹ̀fun sábẹ́ tábìlì náà, ó fi pẹpẹ sí òkè rẹ̀. Ó sì fi sítóòfù sí yàrá tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀kùn onídígí tí à ń fà sí ẹ̀gbẹ́, kí ooru má baà bo ẹni tí ń gé ẹran.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Frederick Winslow Taylor bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aago dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ó ń ka bí apá wọn ti ń lọ tí ó ń bọ̀, ó sì ń yọ èyí tí kò wúlò kúrò. Ìyàwó ilé kan ní ìtòsí New York, Christine Frederick, gbọ́ nípa iṣẹ́ náà, ó sì bi ara rẹ̀ léèrè pé, bí èyí bá dára fún ẹni tí ń da èédú, èé ṣe tí kò fi ní dára fún ẹni tí ń fọ abọ́? Ó ka ara rẹ̀ níbi tí ó ti ń fọ abọ́. Ó rí i pé nínú fífọ̀ nìkan, láìka nínù àti kíkó o sí àyè rẹ̀, òun ń ju apá 80 ní ọ̀nà tí kò yẹ. Ó kọ ìròyìn náà sínú ìwé ìròyìn àwọn obìnrin ní 1912, ó sì sọ ọ́ di ìwé ní 1913. Ó ya ilé ìdáná méjì sínú rẹ̀, ó fi ìlà tọ ipa ẹsẹ̀ obìnrin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú èyí tí wọ́n tò dáradára, ìlà náà lọ tààrà. Nínú èkejì, ó lọ́ mọ́ra wọn bí òwú tí ọmọ ológbò fi ṣeré.

Ìwé Christine Frederick yìí ni wọ́n túmọ̀ sí èdè Jámánì lẹ́yìn ogun tí wọ́n jà láti 1914 sí 1918. Ó bá àwọn ará ibẹ̀ nínú ìnira. Ilé kò tó, owó kò sí, ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún tàbí mẹ́fà ń gbé inú yàrá kan tàbí méjì. Ní ìlú Frankfurt, wọ́n yan Ernst May ní 1925 kí ó wá kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́. Ó pe ọmọbìnrin ayàwòrán ilé kan láti Vienna ní ilẹ̀ Austria ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1926, pé kí ó wá ràn òun lọ́wọ́. Orúkọ rẹ̀ ni Margarete Lihotzky, a sì mọ̀ ọ́n sí Schütte-Lihotzky lẹ́yìn tí ó lọ́kọ. Ẹni ọdún 29 ni, ó sì wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní ìlú rẹ̀.

Iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́ kò rọrùn: ilé ìdáná tí yóò kéré, tí owó rẹ̀ kò ní pọ̀, tí a ó sì lè kàn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ó mú aago, ó wọn àkókò. Ó lọ wo ilé ìdáná inú ọkọ̀ ojú irin, níbi tí ènìyàn méjì ti ń bọ́ gbogbo èrò ọkọ̀ láàárín àyè tí kò gba ju ìwọ̀nba lọ. Nígbà tí ó parí, ilé ìdáná rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ, ó sì gùn díẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 11 lọ. Ẹ tẹ̀ é wò nínú àgbàlá yín, ẹ ó rí bí ó ti kéré tó.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wọ inú rẹ̀. Tábìlì iṣẹ́ wà lábẹ́ fèrèsé, àpótí ìjókòó tí ń yí kiri sì wà níwájú rẹ̀, kí ìyá ilé lè jókòó gé ẹ̀fọ́. Ó gbẹ́ àyè sí ojú tábìlì náà, tí ìdọ̀tí àti èèpo yóò fi máa bọ́ sínú dúrọ́ọ̀ tí a lè fà jáde lọ dànù. Abọ́ tí a fọ̀ ń ro omi dànù fúnra rẹ̀ lórí pẹpẹ, kò sí pé à ń fi aṣọ nù ún. Pátákó ìlọṣọ so mọ́ ògiri, ẹ fà á wálẹ̀, ẹ lọ aṣọ, ẹ dá a padà. Fìtílà iná mànàmáná ń sáré lórí irin lókè àjà, ibi tí a bá ń ṣiṣẹ́ ni a ń fà á lọ. Àwọn dúrọ́ọ̀ kéékèèké onírin fúyẹ́ wà lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n kọ orúkọ ohun tí ó wà nínú wọn sí wọn lára: súgà, ìrẹsì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹ̀fun nìkan ni ó fi sínú igi óákù, nítorí pé kòkòrò kì í fẹ́ràn igi náà. Ó kun ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àwọ̀ búlúù, nítorí pé àwọn onímọ̀ ìgbà náà sọ pé eṣinṣin kì í bà lé e. Wọ́n kan ilé ìdáná yìí sínú ilé tí ó tó 10,000 ní Frankfurt. Lónìí wọ́n kó odindi ọ̀kan pa mọ́ sí ilé ọnà ìgbàlódé ní New York, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń sanwó láti wò ó.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí a bá dúró níhìn-ín, ìtàn náà ìbá dùn. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni kí a sọ. Nígbà tí àwọn ìdílé kó wọ inú ilé tuntun náà, ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀. Ní ilé wọn àtijọ́, inú ilé ìdáná ni gbogbo ìdílé ń gbé, torí pé ibẹ̀ nìkan ni iná ń mú gbóná nígbà òtútù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, níbẹ̀ ni ọmọ ti ń kàwé. Nínú ilé ìdáná tuntun, ènìyàn méjì kò lè ṣiṣẹ́ pọ̀ láìfẹ̀gbẹ́ kọlura. Ìyá wà nínú ilé, ọmọ wà lóde. Ọmọbìnrin kò rí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ dúró sí láti kọ́ oúnjẹ sísè. Àwọn dúrọ́ọ̀ tí a kọ orúkọ sí lára ńkọ́? Ìyá ilé mìíràn a fi ohun tí ó wù ú sí i, kò wo orúkọ. Àwọn kan ń há tábìlì oúnjẹ wọ inú rẹ̀ tipátipá.

Níbo ni àṣìṣe náà ti wá? Nígbà tí ayàwòrán náà dàgbà, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé kí òun tó ṣe ilé ìdáná náà, òun kò se oúnjẹ rí, òun kò sì ṣe ìtọ́jú ilé kankan rí. Ó ka ìṣísẹ̀, ó wọn àkókò, ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Ìṣísẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni ó kà, kò ka ti àwọn tí ń bá ẹni náà kẹ́gbẹ́. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn àwọn obìnrin. Obìnrin akíkanjú ni. Nítorí pé ó bá ìjọba Hitler jà, wọ́n mú un ní Vienna ní 1941, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 15 fún un. Òpin ogun ní 1945 ni ó dá a sílẹ̀. Ó kọ́ ilé ìwé àti ilé àwọn ọmọ kékeré ní ilẹ̀ púpọ̀, ó sì kú ní 2000 nígbà tí ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ó pé ọdún 103. Síbẹ̀ ilé ìdáná nìkan ni gbogbo ènìyàn ń bi í léèrè, títí ó fi bínú wí pé bí òun bá mọ̀ ni, òun kì bá má ṣe é rárá.

Obìnrin mìíràn gba ọ̀nà kejì. Lillian Gilbreth ti Amẹ́ríkà bí ọmọ 12, ọkọ rẹ̀ sì kú ní 1924. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ti jọ ń ṣe iṣẹ́ kíka bí apá àwọn òṣìṣẹ́ ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Nígbà tí ọkọ kú, àwọn ilé iṣẹ́ kò fẹ́ gba ìmọ̀ràn obìnrin lórí ẹ̀rọ, ó bá gbé ìmọ̀ rẹ̀ wọ ilé ìdáná. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òun náà kò mọ oúnjẹ sè! Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé òun kò mọ̀, nítorí náà ó béèrè. Ó bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin sọ̀rọ̀, ó bi wọ́n bí tábìlì àti síǹkì ṣe yẹ kí ó ga tó. Ìdáhùn wọn kọ́ ọ pé obìnrin gíga àti obìnrin kúkurú kò lè lo tábìlì kan náà láìjẹ́ pé ẹ̀yìn ọ̀kan yóò máa ro ó. Nínú ilé ìdáná tí ó ṣe fún ilé iṣẹ́ gáàsì kan ní Brooklyn ní 1929, wọ́n yan kéèkì kan náà nínú ilé ìdáná àtijọ́ àti nínú tuntun. Ní ti àtijọ́, ìṣísẹ̀ 281 ni. Ní ti tuntun, 45 ni.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni ilé ìdáná di ohun tí àwọn ìjọba fi ń yangàn. Ní oṣù keje ọdún 1959, Amẹ́ríkà kọ́ ilé àfihàn kan sí Moscow. Níwájú ilé ìdáná rẹ̀ ni Nixon, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà, àti Khrushchev, olórí Rọ́ṣíà, ti ń bá ara wọn jiyàn ní gbangba. Nixon ní ẹ̀rọ wọ̀nyí yóò dín iṣẹ́ àwọn obìnrin kù. Khrushchev fèsì pé irú ojú tí wọ́n fi ń wo obìnrin bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ àwọn. Ọkùnrin méjì ni ó ń jiyàn lórí ilé ìdáná. Ìbá dára kí wọ́n bi ìyá ilé kan níbẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí a padà sílé. Ní àwọn ìlú ńlá wa, ilé ìdáná ti wọ inú ilé, ó ti ní síǹkì àti kábọ́ọ̀dù tí ń dán. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀pọ̀ nínú wọn dáadáa: ti Frankfurt ni, ti ẹnì kan. Níbo ni odó yóò dúró sí? Bí a bá gún iyán níbẹ̀, abọ́ yóò máa já bọ́ láti orí pẹpẹ. Níbo ni a ó ti ro àmàlà fún ogún àlejò? Èyí ni ó mú kí ìyá tí ó ní ilé ìdáná alárà tún gbé ààrò sí ẹ̀yìnkùlé ní ọjọ́ ìnáwó. Kì í ṣe pé ojú rẹ̀ kò là. Ilé náà ni kò mọ irú ẹni tí ń gbé inú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ilé ìdáná tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀dà. Kí ó kọ́kọ́ jókòó sórí àpótí bí mo ti jókòó, kí ó ka ìṣísẹ̀. Omi, iná, àti ibi tí a ń gé nǹkan, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nítòsí ara wọn. Kí tábìlì ga tó ẹni tí yóò lò ó, kí ó má baà máa tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí èéfín ní ọ̀nà àbájáde, ìbáà ṣe igi ni à ń dá, ìbáà ṣe èédú. Kí fèrèsé wà ní ọ̀kánkán fèrèsé, kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá. Kí a sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹnì kejì àti ẹnì kẹta, nítorí pé níbẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ ọbẹ̀ sísè, níbẹ̀ ni ó sì ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀.

Ní ilé tèmi, owó tí mo ná kò tó owó àga pálọ̀ kan. Mo gbé àmù sún mọ́ ààrò. Mo kan pẹpẹ méjì sí ara ògiri fún epo, iyọ̀ àti ìgbákọ. Mo lu fèrèsé kejì. Mo na orí òrùlé jáde kí ọlọ àti odó lè wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ìjókòó gígùn kan fún àwọn ọmọ. Kí n tó kan ìṣó kan, mo bi ìyàwó mi ibi tí yóò wà. Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo tún gbé àpótí mi, mo ní mo fẹ́ ka ìṣísẹ̀. Ó ní, “Baba Adé, ẹ fi kíkà sílẹ̀, kí ẹ bá mi ṣa ẹ̀fọ́ yìí.” Àyè wà fún èmi náà níbẹ̀. Mo jókòó, mo ṣa á.